Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin nínú ọ̀rá, kóòdù ò sì lọ: bí a ṣe rí ohun tó ń ṣe pick-up kan gan-an

Wọ́n gbé pick-up àlòkù kan wá sọ́dọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì V8, bẹntiróòlù ló ń mu. Bàbá tó ni ín ti rà á tó oṣù mẹ́ta, àti ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti rà á ni iná check engine ti ń tàn. Wọ́n gbé ọ̀rá kan lé tábìlì mi, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀, gbogbo wọn làwọn tó ti ṣe ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ yọ jù sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti sú mi o. Tó bá jẹ́ pé wàá tún ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ míì ni, sọ fún mi báyìí kí n máa gbé ọkọ̀ mi lọ." Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ò ní ra nǹkan kan àfi tí mo bá fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sílẹ̀ látòkè délẹ̀ torí irú ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwa tá à ń ṣe mọ́tò, ibẹ̀ la sì ti ń ná owó oníbàárà dà nù jù.

Kóòdù ni nọ́ḿbà àṣìṣe tí brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ń kọ sílẹ̀. Méjì ló wà nínú ẹ̀, P0135 àti P0141. P0135, híítà sẹ́ńsọ̀ tó wà ṣáájú catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sáyílẹ́ńsà) ní báǹkì kìíní ló ń sọ. P0141, híítà èyí tó wà lẹ́yìn catalyst, báǹkì kan náà. Báǹkì kìíní ni ẹ̀gbẹ́ tí sílíńdà nọ́ḿbà kìíní wà, ẹ má kàn fojú díwọ̀n ọ̀tún tàbí òsì, torí ó yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì, mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan.

Kí ni híítà ń ṣe nínú sẹ́ńsọ̀? Irú sẹ́ńsọ̀ zirconia yìí ò lè sọ̀rọ̀ tó ṣeé gbà gbọ́ àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 300 dígírì Sẹ́ńtígírédì. Èéfín ẹ́ńjìnnì lè mú un gbóná dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́, tí ọkọ̀ bá sì dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ tún lè tutù padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi híítà kékeré sínú ẹ̀, tí iná bátìrì ń mú kó gbóná. Wáyà mẹ́rin ló máa ń jáde lára sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀, méjì tí àwọ̀ wọn bára mu sábà máa ń jẹ́ ti híítà, méjì tó kù ni ti ọ̀rọ̀ tó ń bá brain box sọ.

Ẹ fiyè sí i pé nínú kóòdù méjèèjì, kò síbi tí wọ́n ti ní sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ohun tí kóòdù sọ ni pé ọ̀nà iná híítà yẹn ní wàhálà, látorí fíúsì, dórí wáyà, dórí sọ́kẹ́ẹ̀tì, dórí híítà fúnra ẹ̀, dé ibi tí brain box ti ń tì í pa tàbí ṣí i. Sẹ́ńsọ̀ kàn jẹ́ ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà gígùn yẹn ni.

Mo bi bàbá bí wọ́n ṣe ti ń ṣe é bọ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi sikánà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí P0135, ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ iwájú, ó nu kóòdù rẹ́, iná kú, ọjọ́ kẹta ó padà. Ẹnì kejì ní ayédèrú ni ẹni àkọ́kọ́ rà, P0141 náà ti yọjú nígbà yẹn, ó pààrọ̀ tiwájú, ó pààrọ̀ tẹ̀yìn mọ́ ọn, iná kú fún ọjọ́ méjì. Ẹnì kẹta ní àfi kí wọ́n ra èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ṣe gangan, wọ́n rà á, ọ̀wọ́n gógó, ó fi síwájú. Ọjọ́ kẹrin, kóòdù méjèèjì padà wá pọ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fura rèé. Kí ló dé tí iná fi máa ń kú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ kọ́ ló bàjẹ́? Torí pé gbogbo wọn ló nu kóòdù rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tán. Brain box kì í tan iná fún irú àṣìṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́pọ̀ ọkọ̀ ó gbọ́dọ̀ rí i nínú ìrìn méjì tó tẹ̀ léra, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n ṣáná sí i, kí wọ́n wà á, kí àyẹ̀wò híítà ṣe tán, kí ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ò sì kí ń wa ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́. Nítorí náà ìnurẹ́ ló ń pa iná, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ tuntun, mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun ti yanjú ẹ̀ torí iná ti kú kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ohun kejì ni pé kóòdù méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báǹkì kejì ò sọ nǹkan kan rí. Kí sẹ́ńsọ̀ tuntun méjì jọ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kò bọ́ sí i rárá. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ló yẹ ká máa wá.

Mi ò nu nǹkan kan rẹ́. Mo kọ freeze frame sílẹ̀, ìyẹn àwòrán bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà lásìkò tí kóòdù wọlé: ọkọ̀ dúró, omi ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná. Ó bá ọ̀rọ̀ híítà mu. Tẹ́ ẹ bá ti nu kóòdù rẹ́ kẹ́ ẹ tó ka èyí, ẹ ti ju ẹ̀rí yín dà nù.

Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, mo fi mítà wọn híítà inú wọn, ọ̀kan fún mi ní nǹkan bí óòmù 6, èkejì lé díẹ̀ lórí ẹ̀. Híítà dáa. Fíúsì dáa, fíúsì kan náà ló sì ń bọ́ báǹkì kejì tí kò ní wàhálà, a lè yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Mo wá fi mítà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, mo ṣí kọ́kọ́rọ́, fóòtì 12.4. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé iná ń wọlé, kò sí nǹkan tó ṣe wáyà, brain box ló máa jẹ́. Àṣìṣe gbáà ni mo ṣe níbẹ̀, ó sì gba wa ní ìdajì ọjọ́. A tọ wáyà tó ń lọ sí brain box, a ka á láti ìparí dé ìparí, gbogbo ẹ̀ dáa, mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún bàbá pé ó máa kan brain box. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ní, "Ọ̀gá, ṣé ká so gúlóòbù mọ́ ọn wò? Báyìí lẹ ṣe kọ́ mi nígbà tá a ṣe iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Mo mú gúlóòbù iná tọ́ọ́nù, 21 wáàtì, a so ẹnu kan mọ́ wáyà iná tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, a so ẹnu kejì mọ́ negative bátìrì tààrà. Ní báǹkì kejì, ó tàn yanran, mítà ka 12.1. Ní báǹkì kìíní, gúlóòbù pọ́n bí ẹyín iná tó fẹ́ kú, mítà já wálẹ̀ láti 12.4 dé 5.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí yí pa dà. Mítà ò kí ń fa iná rárá, ìwọ̀nba bín-íńtín ló ń fà. Tí wáyà bá ní ogún fọ́nrán nínú, tí mọ́kàndínlógún ti já, ẹyọ kan tó kù, tó ti dípẹtà, máa fi fóòtì 12 hàn yín lójú mítà láìsí àbùkù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí híítà bá ní kó gbé iná gidi fún òun, fọ́nrán kan yẹn ò lè gbé e, fóòtì á jò tán sójú ọ̀nà. Ó dà bíi páìpù omi tó ti dí: tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ẹ̀, agbára omi á pé, tẹ́ ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀, omi á máa kán tó tó tó. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí ń kọ "iná wọlé" sínú ìwé iṣẹ́ mi láìjẹ́ pé gúlóòbù ti tàn níbẹ̀, mo sì fi gúlóòbù oníwáyà méjì sínú àpótí iṣẹ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi.

A jẹ́ kí gúlóòbù wà níbẹ̀, kó máa fa iná, a wá ń fi mítà tọ wáyà yẹn láti ọ̀dọ̀ fíúsì bọ̀. Lẹ́nu fíúsì, 12.3. Nítòsí ògiri ẹ́ńjìnnì, 12.2. Lẹ́yìn ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì ti pàdé, 5. Nítorí náà, láàárín ibi méjì yẹn ni. A wọ abẹ́ ọkọ̀, a rí i pé kílíìpù tó yẹ kó gbé ìdìpọ̀ wáyà sókè ò sí níbẹ̀ mọ́, wáyà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń fara gbo etí irin gíàbọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ti wé téèpù dúdú mọ́ ọn. Nígbà tá a tú téèpù yẹn, rọ́bà ara wáyà ti gé, àwọn fọ́nrán ti já, èyí tó kù láwọ̀ ewé, ó ti dípẹtà. Ojú ibẹ̀ gan-an sì ni wáyà náà ti pín sí méjì, ẹ̀ka kan lọ sí sẹ́ńsọ̀ iwájú, ẹ̀ka kejì lọ sí tẹ̀yìn. Ìdí tí àwọn méjèèjì fi ń jọ kú nìyẹn.

Bí mo ṣe rí àwọn bolt gíàbọ́ọ̀sì, tí orí wọn ti ha, ó hàn pé wọ́n ti sọ gíàbọ́ọ̀sì yẹn kalẹ̀ rí kí bàbá tó ra ọkọ̀, ẹni tó dá a padà ò dá kílíìpù padà. Ọkọ̀ àlòkù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín wà lára ìtàn àìsàn ẹ̀.

Mo gé ibi tó jẹrà kúrò títí mo fi kan bàbà tó mọ́, mo fi wáyà tó nípọn bákan náà dí àlàfo, mo fi irin ìsopọ̀ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo fi rọ́bà tó ń sún kì tó sì ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, mo so ó sókè jìnnà sí irin àti sáyílẹ́ńsà. Ìkìlọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ, bí kì í bá tiẹ̀ ṣe ibẹ̀ gan-an la ti ṣiṣẹ́: wáyà tó jáde tààrà lára sẹ́ńsọ̀, ẹ má fi lédì jó o, ẹ má sì fi gírísì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ báyìí, inú rọ́bà wáyà yẹn ni afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe ìfiwéra ti ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá dí i, ẹ ti ba sẹ́ńsọ̀ tó dáa jẹ́.

A tún so gúlóòbù. 12.1, ó tàn yanran. Ìgbà yẹn ni mo tó nu kóòdù rẹ́. Mo sọ fún bàbá pé kí wọ́n máa wà á, mi ò sọ pé ó ti tán.

Ọjọ́ kẹrin, fóònù dún. "Ọmọ mi, iná ti tàn." Ó dùn mí nínú. Wọ́n gbé e dé, mo so sikánà, kò sí P0135, kò sí P0141. P0171 ló wà níbẹ̀: báǹkì kìíní, epo kéré jù sí afẹ́fẹ́.

Bàbá rò pé àìsàn kan náà ni, mo sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé èyí ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Tí kóòdù híítà bá wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ brain box máa ń dá àwọn àyẹ̀wò míì tó gbára lé sẹ́ńsọ̀ yẹn dúró, torí kò lè gbà á gbọ́. Ìgbà tá a tún wáyà ṣe, àyẹ̀wò tún bẹ̀rẹ̀, ó sì rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ máa sọ èyí fún oníbàárà kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ lọ, mi ò sọ ọ́ fún wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbẹ́kẹ̀lé àárín wa jẹ́.

Mo wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan, báǹkì kìíní ń fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún kún epo, báǹkì kejì ń fi 3 péré. Mo tẹ ẹ́ dé 2500 rpm, ti báǹkì kìíní sọ̀ kalẹ̀ sí 7. Nọ́ḿbà wọ̀nyí ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù epo, tàbí fílítà, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, báǹkì méjèèjì ló yẹ kó kàn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe, ó sì ń dín kù tí ẹ́ńjìnnì bá yára, nítorí náà atẹ́gùn kan ń wọlé níbi tí kò yẹ, bóyá lójú gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, bóyá lójú èéfín ṣáájú sẹ́ńsọ̀.

Mo rọra fi gáàsì propane fẹ́ yí ká gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì ò yí ohùn pa dà, nọ́ḿbà ò mira, ìyẹn ni pé atẹ́gùn ò gba ibẹ̀ wọlé. Mo fi propane sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ gan-an, sẹ́ńsọ̀ iwájú fò láti 0.1 dé 0.85 fóòtì lójú ẹsẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn wà láàyè, ó sì yára. Tí ẹnì kan bá tún pààrọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀karùn-ún ni ì bá wọ inú ọ̀rá.

Mo wá tú púlọ́ọ̀gì. Èyí ló la ọ̀rọ̀ lójú mi. Kóòdù ní epo kéré ní báǹkì kìíní, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì báǹkì kìíní dúdú kirikiri, èédú bò wọ́n, ti báǹkì kejì sì pọ́n díẹ̀ bó ṣe yẹ. Epo tó kéré kì í ṣe púlọ́ọ̀gì dúdú. Ẹ́ńjìnnì ń mu epo ní àmujù, sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ pé ebi ń pa á. Sẹ́ńsọ̀ ò purọ́ o, ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló sọ. Tí ihò bá wà lójú mánífóòdù èéfín, ìyẹn irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, ṣáájú sẹ́ńsọ̀, èéfín ò kàn ń tú jáde lásán, àárín ìtújáde kan sí èkejì ni agbára ibẹ̀ ti máa ń rẹlẹ̀, ó á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń rí, ó á ní epo kéré, brain box á gbà á gbọ́, á tú epo sí i. Epo àpọ̀jù yẹn ni catalyst máa wá jẹ, tó bá pẹ́, á jó catalyst, P0420, kóòdù catalyst, á yọjú, wọ́n á tún ní kí bàbá ra ìyẹn náà.

Mo ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ mi. Ìdájí, kó tó gbóná, mo ṣáná sí i, mo gbọ́ ọ, tìk tìk tìk tìk, lẹ́yìn mánífóòdù báǹkì kìíní. Láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ohùn yẹn ti lọ, torí irin ti gbóná, ó wú, ó dí ojú ara ẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ yìí, ó ti gbóná kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. A pa á, ó tutù, a fẹ́ èéfín àyẹ̀wò wọlé láti ẹnu sáyílẹ́ńsà, ó jáde wẹ́rẹ́ níbi bolt tó kẹ́yìn. Orí bolt yẹn ti já, ìdí ẹ̀ ṣì wà nínú, àmì èédú dúdú sì wà lára irin bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka tọ́ka síbẹ̀.

Iṣẹ́ yíyọ ẹ̀ ò ṣòro púpọ̀, a fi epo ìtúpẹtà rẹ ẹ́ mọ́jú, wẹ́dà so nọ́ọ̀tì mọ́ ìdí tó kù, ooru iná yẹn tú u, ó yí jáde. A fi irin títọ́ wo ojú mánífóòdù bóyá ó ti tẹ̀, kò tẹ̀, a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a sì pààrọ̀ gbogbo bolt ẹ̀gbẹ́ yẹn. Fuel trim báǹkì kìíní sọ̀ kalẹ̀ sí 3. Sẹ́ńsọ̀ iwájú ń lọ ń bọ̀ láàárín 0.1 sí 0.9 bó ṣe yẹ, tẹ̀yìn dúró jẹ́ẹ́ ní nǹkan bí 0.65, ìyẹn ni pé catalyst ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò jẹ́ kí bàbá gbà á lójú ẹsẹ̀. A wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fi sikánà wo readiness, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí brain box ti ṣe tán, lójoojúmọ́, títí àyẹ̀wò híítà, àyẹ̀wò sẹ́ńsọ̀ àti ti catalyst fi parí tí kóòdù ò sì wọlé, kódà èyí tó ń dúró de ìrìn kejì ò sí níbẹ̀. Iná tó kú lásán ò tó fún mi mọ́.

Nígbà tí bàbá dé, mo ju téèpù àti wáyà tó jẹrà sórí tábìlì, mo gbé bolt tó já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí mo ṣe ṣèlérí. Wọ́n mú wáyà yẹn dání, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bèèrè ọ̀rá sẹ́ńsọ̀ wọn. Mo ti wọn gbogbo ẹ̀, híítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Mo mú ẹnu wọn sínú iná propane níkọ̀ọ̀kan, mẹ́ta yára kọjá 0.8 fóòtì, ọ̀kan lọ́ra, ìyẹn nìkan ni mo ní kí wọ́n jù nù. Mo kọ nọ́ḿbà tí kálukú ní sórí bébà, mo wé e mọ́ wáyà ẹ̀, mo ní kí wọ́n tọ́jú mẹ́ta yẹn sẹ́yìn àga.